Bí Èdè Ìṣùà Ṣe Wọ Kọ̀ǹpútà Wa

Àwọn ọmọ ìjọ wa kan wá kí mi nílé ní Ìwàrò, ní Ọ̀kà, ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò dì mú. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ aláfojúdi kan tí mo fẹ́ràn gan-an, ní, "Màmá Kọ̀ǹpútà, ṣé iṣẹ́ yín yìí ṣì dára báyìí, nígbà tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo bu ẹ̀pà fún wọn, mo ní kí wọ́n jókòó dáadáa, mo sì rojọ́ títí oòrùn fi wọ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo kọ síbí. Mo kàn yọ àwọn ibi tí mo ti bú àwọn oníná kúrò ni.

Ọ̀kà ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun. Lójoojúmọ́ ni mo ń wọ mọ́tò sọ̀kalẹ̀ láti òkè Ọ̀kà, lójoojúmọ́ náà ni mo ń gun òkè padà, tí ẹ̀rọ mọ́tò á máa ké, tí àwa èrò inú rẹ̀ á máa gbàdúrà. Ẹ má bi mí nípa owó. Ó tó jẹun, ó rán àwọn ọmọ mi níwèé, kò tó ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ bí mo ṣe kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí mo jáde ilé ìwé, mi ò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà rí. Ẹ̀rọ táìpù ló wà lóde. Bàbá mi mú mi lọ bá ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù táìpù nítòsí ọjà Ìkàrẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Kì í pariwo, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ tirẹ̀ burú ju igbe ẹlòmíràn lọ. Bí o bá tẹ lẹ́tà kan ṣì, á yọ ìwé náà kúrò lẹ́rọ jẹ́jẹ́, á ya á sí méjì jẹ́jẹ́, á sì gbé òmíràn tó funfun balau síwájú rẹ. "Tún un ṣe, ọmọ mi." Ó tún ní aṣọ dúdú kan tó máa ń ta bo ọwọ́ wa, kí a má baà máa wo ibi tí ìka wa ń lọ. Ẹkún tí mo sun nítorí aṣọ yẹn ju èyí tí mo sun nígbà tí mo ń rọbí lọ.

Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ tó le jù kò kan ìka rárá. Láti gbogbo Àkókó ni wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ wá fún wa, láti Afin, láti Ọ̀kà, láti Ìṣùà: àdéhùn oko, ìwé sí ọmọ tó wà lókè Ọya, ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àna tó ń bínú. Kò sí ìwé tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà láìjẹ́ pé a kà á fún ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ kan, mo ka ìwé àdéhùn fún bàbá àgbàlagbà kan láti Afin tó fẹ́ fi oko rẹ̀ yá ẹnì kan. Mo kà á tán, mo ní, "Ṣé ó yé yín, sà?"

"Ó yé mi dáadáa, ọmọ mi. O ṣé."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ gbójú sókè. "Dúpẹ́, ta ló ní kí o bi wọ́n bẹ́ẹ̀?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó yé wọn ni, sà."

"Àgbàlagbà wo ló máa sọ fún ọmọ tí òun lè bí pé kò yé òun? Má ṣe bi èèyàn bóyá ó yé e mọ́. Ní kí wọ́n sọ ohun tí ìwé wọn wí fún ọ."

Mo bẹ bàbá náà pé kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní ìwé náà wí pé àwọn yá ọ̀gbẹ́ni náà ní ilẹ̀, àmọ́ kòkó tó wà lórí rẹ̀ ṣì jẹ́ tàwọn. Kò sí kòkó kankan nínú gbogbo ohun tí mo kà! Àwọn méjèèjì padà lọ jókòó sọ̀rọ̀, wọ́n fẹnu kò, mo sì tún ìwé náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó yé e mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá ra kọ̀ǹpútà kan. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ta aṣọ dúdú yẹn bò ó, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ò lè bá ohun tó ń wo òun lójú ṣiṣẹ́. Àgùnbánirọ̀ kan tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwé ẹ̀gbẹ́ wa ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí yóò sì ṣe ohun tí o wí gẹ́lẹ́, ì báà jẹ́ ọgbọ́n tàbí wèrè. Ẹ̀yin ọmọ, mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀rọ tí kì í ya ìwé mọ́ni lọ́wọ́! Bó o bá ṣì, o kàn pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí mo gba òmìnira, Ọ̀gá gbàdúrà fún mi jẹ́jẹ́, ó sì fi aṣọ dúdú náà ta mí lọ́rẹ. Ó ṣì wà nínú àpótí mi.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkàrẹ́ ni mo ti lo ìyókù ọjọ́ iṣẹ́ mi. Mo bá wọn kó káàdì àwọn aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí a ṣì ń lo díìsì pẹlẹbẹ tí ekuru lásán lè bà jẹ́. Mo bá jẹnẹrétọ̀ jà. Mo rí kọ̀ǹpútà tó tóbi bí àpótí aṣọ, mo tún rí èyí tó wọ inú báàgì mi. Lẹ́yìn náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì dé, nígbà tí ilé ìwòsàn wa sì ti ní ẹ̀ka kékeré ní Ọ̀kà àti ní Ìṣùà. A ṣe ètò kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí nọ́ọ̀sì ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣí lórí fóònù, kó rí oògùn tí dókítà kọ àti bí aláìsàn yóò ṣe lò ó. Èmi àti Dáre la jọ ṣe é. Dáre kàwé ní yunifásítì, ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì, ó sì máa ń jiyàn bí ẹni pé wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí ni à ń pè ní dátábéèsì. Nínú tiwa, oògùn kọ̀ọ̀kan ní àwọn àpótí tirẹ̀: ọ̀kan fún orúkọ, ọ̀kan fún bó ṣe lágbára tó, ọ̀kan fún bí a ṣe ń lò ó. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà nínú wọn. Sístà Ẹ̀bùn, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn, ló wá kan ilẹ̀kùn wa.

"Sístà Dúpẹ́, èmi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí báyìí, ẹlòmíì ń túmọ̀ ẹ̀ bọ́ọ̀hún. Ẹ bá wa fi Yorùbá sí i jàre. Ẹ fi ti Ọ̀kà sí i, ẹ fi ti Ìṣùà sí i. Ṣé Lọ́ńdọ̀nù la wà ni?"

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè má mọ̀: Yorùbá náà ni ti àwa Ọ̀kà, bó tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú ìwé. Ṣùgbọ́n èdè ọ̀tọ̀ gbáà ni ti Ìṣùà. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, èmi tí ilé mi ò jìnnà sí tiwọn ò lè mú ohun kan níbẹ̀ ju ẹ̀rín wọn lọ.

Dáre ní kí a kàn fi àpótí mẹ́ta kún ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan fún èdè kọ̀ọ̀kan. Mo ní rárá. Bí àwọn ará ìlú mìíràn bá dé lọ́la ńkọ́? Ṣé a ó tún máa wó ògiri ilé ní gbogbo ìgbà tí àlejò bá dé? Mo ní kí a kọ́ yàrá ọ̀tọ̀ fún ìtumọ̀ nìkan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sọ oògùn wo ni, èdè wo ni, kí sì ni ọ̀rọ̀ náà. Bí èdè tuntun bá dé, ìlà la ó fi kún un. Dáre jiyàn títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ó wá lọ ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa ju bí mo ṣe là á sílẹ̀ lọ.

Ìṣòro tó kù ni pé a rí ẹni kọ ti Yorùbá àti ti Ọ̀kà kíákíá, ti Ìṣùà ò sì tíì débì kan. Kí ni ètò máa ṣe bí nọ́ọ̀sì bá yan Ìṣùà tí àpótí rẹ̀ sì ṣófo? Dáre ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ayé ni pé ètò á rọra mú èdè mìíràn dípò, kò ní pariwo. A ní kó máa mú Yorùbá. Gbogbo wa la fara mọ́ ọn, láti orí dókítà tó ni ilé ìwòsàn dé orí èmi. Ta ni ní Àkókó tí kò gbọ́ Yorùbá? A wá fi ibì kékeré kan sísàlẹ̀ tí nọ́ọ̀sì máa tẹ̀ bó bá ti ṣàlàyé tán. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni, "Ó ti yé aláìsàn."

Ètò náà dára lójú. Àwọn nọ́ọ̀sì yìn wá, dókítà ra ohun mímu fún wa, orí èmi àti Dáre sì wú.

Obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìṣùà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá wọn jà, wọ́n sì máa ń wá sí Ìkàrẹ́ nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ wọn obìnrin, Títí, ń gbé. Màmá yìí kì í wọlé láìkí gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Bí Sístà Ẹ̀bùn bá yan Ìṣùà lórí fóònù, tó ń ka bí wọ́n ṣe máa lo oògùn wọn ní Yorùbá tó jáde, wọ́n á máa mi orí, wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ṣé o." Sístà Ẹ̀bùn á tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Ó ti yé aláìsàn.

Ọjọ́ ọjà kan ni wọ́n gbé Màmá wá láti Ìṣùà. Ẹnu wọn ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò ṣeé gbé. Wọ́n ṣubú síbi tí wọ́n ti ń tu èpò ìdí ẹ̀gẹ́. Dókítà bi Títí bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn.

"Wọ́n ń lò ó, sà. Bí orí bá ti ń fọ́ wọn, wọ́n máa ń lò ó. Bí kò bá sì fọ́ wọn, wọ́n á tọ́jú ẹ̀, kó má baà tán."

Sístà Ẹ̀bùn figbe ta. "Ojoojúmọ́ ni! Ara ì báà yá, ì báà má yá! Mo kà á fún wọn! Wọ́n ń dáhùn!"

"Sístà, màmá mi ò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Ti ọjà ni wọ́n gbọ́. Ẹ káàárọ̀, èló ni, ẹ dín in kù, ó parí."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ?"

Títí wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Ilé onílé ni wọ́n wá, sístà. Àgbàlagbà bíi tiwọn á wá máa pariwo láàárín èrò pé kò yé òun?"

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo wọ wọ́ọ̀dù lọ kí Màmá. Wọ́n dá mi mọ̀, wọ́n fẹ́ kí mi padà, ohùn kan sì jáde tí Títí alára kò lè mú nǹkan kan nínú rẹ̀. Màmá tó ń kí gbogbo ayé! Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ìborí mi bo ojú, mo sunkún gidi.

Nígbà tí a ṣèpàdé, inú ń bí dókítà. "Ẹ yọ gbogbo èdè yìí kúrò. Ẹ dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán nọ́ọ̀sì mọ̀ pé òun ṣì ní láti ṣàlàyé fún èèyàn." Dáre ò tilẹ̀ jiyàn. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́. Ìgbà yẹn ni mo ta kìjí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gbọ́ tèmi. Kì í ṣe pé èdè pọ̀ jù. Àpótí Ìṣùà ṣófo, a sì fi Yorùbá bò ó, kò wá sẹ́ni tó rí i pé ó ṣófo. Bí a bá yọ èdè kúrò, Màmá ò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́la. Ẹ jẹ́ kí òfìfo náà hàn sí gbogbo wa."

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fún wọn, àti ti bàbá Afin tó rí kòkó níbi tí kò ti sí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà ọmọge mi, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwúlò rẹ̀. Dókítà ní òun fún wa ní àyè títí Màmá á fi kúrò ní wọ́ọ̀dù, bí òun ò bá sì rí ìyàtọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni.

A mú iṣẹ́ ṣe. Orúkọ ìlú àti aago tí a ń ṣílẹ̀kùn ṣì lè yá èdè mìíràn lò, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ní ti bí a ṣe ń lo oògùn, bí èdè aláìsàn bá ṣófo, ojú fóònù á di pupa fòò, á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Kò tíì sí ní èdè Ìṣùà. Ẹ pe ẹni tó gbọ́ ọ." Nọ́ọ̀sì kò ní lè kọjá ibẹ̀. A yọ "Ó ti yé aláìsàn" dànù. Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ ni ibi tí nọ́ọ̀sì máa kọ ohun tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ sí. Dáre ló wá ronú ohun kan tí èmi ò ronú kàn. Ó ní, "Mà, àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí kì í kàwé. Ẹ jẹ́ kí àpótí kọ̀ọ̀kan lè gba ohùn, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ṣe ni gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ata. Àwọn nọ́ọ̀sì kùn, wọ́n ní a fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n pípọ́n yẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa wá ẹni pè. Akọ̀wé wa kan tó jẹ́ ọmọ Ìṣùà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn sí i, àwọ̀ pupa náà sì ń dín kù.

Ara Màmá náà ń yá díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ kọ́kọ́ ṣeé gbé, ẹnu tẹ̀ lé e. Dókítà ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ kí ahọ́n wọn lè là, èmi ni mo sì ní kí wọ́n wá sọ ọ́ sínú fóònù wa. Títí jókòó láàárín wa, ó ń túmọ̀. Mo ní kí Màmá sọ bí a ṣe ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ, wọ́n ń sọ, wọn ò tíì dárúkọ oògùn kankan.

Dáre ní, "Sístà Títí, kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń kí àwọn tó máa gbọ́ ọ ni. Wọ́n ń béèrè ilé, wọ́n ń béèrè ọmọ, wọ́n wá dé orí oko báyìí."

"Ẹ bẹ̀ wọ́n, kó má gùn jù."

Títí túmọ̀ rẹ̀. Màmá wo Dáre láti òkè délẹ̀, wọ́n fèsì, Títí sì bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ṣé bí wọ́n ṣe ń kó oògùn sí àgbàlagbà lẹ́nu nílé yín nìyẹn, láìkí i?"

Dáre dọ̀bálẹ̀. Ìkíni náà dúró bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí Màmá kúrò ní wọ́ọ̀dù, dókítà gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì dárúkọ Gẹ̀ẹ́sì sí wa létí mọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Dáre ló wà nípò mi, èdè mìíràn láti Àkókó sì ti wọlé láìwó ògiri kankan. Nígbà tí mo rojọ́ dé ibí, ọmọ aláfojúdi yẹn ní mi ò tíì dáhùn ìbéèrè òun, pé ṣé iṣẹ́ náà ṣì dára. Ohun tí mo fi dá a lóhùn nìyí.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ gba oògùn orúnkún mi ní Ìkàrẹ́. Ta ni mo bá níwájú mi lórí bẹ́ǹṣì? Màmá Ìṣùà, pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Nọ́ọ̀sì tuntun kan ló wà níbẹ̀, kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè èdè tí wọ́n fẹ́, ó tẹ fóònù, ohùn Màmá fúnra wọn sì jáde. Ìkíni bẹ̀rẹ̀: ilé, ọmọ, oko. Àwọn ará Ìṣùà tó jókòó sí bẹ́ǹṣì ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mi ò gbọ́ èdè náà, mo ti mọ ibi tí a ti ń dáhùn, mo bá wọn dá a lóhùn. Màmá pàápàá ń dáhùn ìkíni ara wọn, wọ́n ń mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohùn náà dé orí oògùn, ó sọ ọ́ tán, ó dákẹ́.

"Màmá," nọ́ọ̀sì náà ní, "kí ni wọ́n wí?"

Màmá yíjú wò mí, wọ́n ṣẹ́jú sí mi. Wọ́n wá gbóhùn sókè ní Yorùbá, tí gbogbo èrò inú ilé náà fi gbọ́: "Kò yé mi! Tún un sọ!"

Bẹ́ǹṣì mì tìtì fún ẹ̀rín. Nọ́ọ̀sì náà tún fóònù tẹ̀, gbogbo wa sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìkíni.